Àká Inú Fóònù

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pa dátà rẹ̀, ó dá a padà. "Dàádì Ìbàdàn, ẹ wá kọ ọ́ báyìí." Ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Òtu la jókòó sí, oòrùn ti ń wọ̀, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì sì ń pariwo. Mo tẹ orúkọ ẹni tó gbé èlùbọ́ wá, mo tẹ iye àpò, mo tẹ owó tí wọ́n san sílẹ̀ fún un, mo wá fọwọ́ kan ibi tí wọ́n kọ "Fi pamọ́" sí. Mo ń retí òrùka kékeré tó máa ń yí lójú fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège. Kò yí. Lójú ẹsẹ̀ ni orúkọ náà bọ́ sórí àkọsílẹ̀, iye tó kù láti san jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmì kékeré kan tó pọ́n bí ọsàn sì dúró níwájú rẹ̀. Ó ní àmì yẹn ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú fóònù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, á lọ fúnra rẹ̀, àmì náà á sì di àwọ̀ ewé.

Kì í ṣe áàpù tí mo lọ gbà ní Play Store. Ìkànnì ayélujára ni. Mo tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú Chrome lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà, láti ìgbà náà ló sì ti jókòó sínú fóònù. Ọmọ náà kọ ọ́ fún ìyá kan tó ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí Òtu ká, tó ń kó o lọ tà ní Ìbàdàn. JavaScript ló fi kọ ọ́, èdè tí gbogbo bíráúsà ayé gbọ́, lórí láptọ́ọ̀pù àlòkù tí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò sì rò pé ohun kan ṣì kù nínú rẹ̀ tó lè mú mi dìde lórí àga. Èyí mú mi dìde. Ìdí ni pé mo mọ Òkè-Ògùn. Òtu ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 10 tó wà ní Òkè-Ògùn, ilẹ̀ tí iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kaṣú rẹ̀ ń bọ́ àwọn tí kò tíì débẹ̀ rí. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn wá mọ bí ìlà mẹ́rin orí fóònù ṣe ń di méjì, tí méjì ń di ẹyọ kan, títí yóò fi di òfìfo. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kún, á sì tún lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ará oko ò bá a jà mọ́, bí wọn kì í ti í bá òjò jà. Wọ́n ń ṣètò iṣẹ́ sí i ni. Ìbéèrè mi ni pé: kí ló dé tí àwọn tó ń kọ áàpù kì í ṣètò iṣẹ́ sí i?

Àlàyé rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe bí ìtàkùn ayélujára. Nígbà tí Tim Berners-Lee dá a sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ CERN ní Switzerland láàárín 1989 sí 1991, ìwé kíkà ló ní lọ́kàn. Ojú-ewé wà níbì kan, ìwọ wà níbòmíràn, o bèèrè, wọ́n fi ránṣẹ́. Bí o bá tún ní ìbéèrè kejì, wàá tún bèèrè, wọ́n á tún fi odindi ojú-ewé mìíràn ránṣẹ́. Kò yàtọ̀ sí kí ẹni tó ń gbé Òtu máa wọkọ̀ lọ sí Sẹkitéríà ìjọba ní Agodi, n'Ìbàdàn, nítorí gbogbo ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa wọkọ̀ padà kó tó rántí èyí tó kàn. Fún ìwé kíkà, kò burú. Fún iṣẹ́ òwò, ìyà ni.

Ìyà yẹn ti jẹ mí rí. Mo jókòó sí káfẹ́ kan ní Ìsẹ́yìn láti kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ kan: orúkọ, ọjọ́ orí, ìwé ẹ̀rí, orúkọ baba, orúkọ ìyá, ó gùn bí ìtàn. Mo lo ìṣẹ́jú ogójì. Mo tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ojú-ewé di funfun. Ohun tí mo kọ kò sí lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó ń tọ́jú káfẹ́ náà ní kí n máa kọ́kọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ná, kí n tó wá tẹ̀ ẹ́. Ìmọ̀ràn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ya mí lẹ́nu pé ìwé ọgọ́rùn-ún náírà mọ bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, Brendan Eich tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, iléeṣẹ́ tó ń ṣe bíráúsà, kọ èdè kan láàárín ọjọ́ 10. Mocha ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó di LiveScript, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní JavaScript lóṣù Kejìlá ọdún náà, nítorí pé Java ti Sun Microsystems ni gbogbo ayé ń sọ nígbà náà. Orúkọ nìkan ni wọ́n yá. Èdè méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Ohun tó mú JavaScript yàtọ̀ ni pé ìlànà iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ máa ń bá ojú-ewé rìn dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Bíráúsà á kà á bó ṣe wà, á sì ṣe ohun tó ní kó ṣe, níbẹ̀, lórí ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ. O kò ní láti dáúnlóòdù ohunkóhun, o kò sì ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ènìyàn kò kọ́kọ́ kà á sí. Ohun ìṣeré ni wọ́n pè é, ohun tí a fi ń mú kí àwòrán máa ṣẹ́jú. Àwọn tó fẹ́ kí ìkànnì lè ṣe iṣẹ́ gidi gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2002, iléeṣẹ́ Macromedia sọ irú áàpù bẹ́ẹ̀ lórúkọ: wọ́n ní áàpù íntánẹ́ẹ̀tì ọlọ́rọ̀, tí ojú rẹ̀ kún, tó ń dáhùn kíákíá bí èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Flash, irinṣẹ́ tiwọn, ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé fi kọ ọ́. Ẹni tó bá lo káfẹ́ nígbà náà á rántí: ojú-ewé á ṣókùnkùn, ìlà kan á máa gùn díẹ̀díẹ̀, owó àsìkò rẹ á sì máa lọ kó tó di pé àwòrán kan jó jáde. Flash jẹ́ àlejò nínú bíráúsà. Ó nílò kí a kọ́kọ́ gbé e wọlé, ó sì ń jẹ bátìrì. Nígbà tí iPhone jáde ní 2007, wọn ò gbà á láàyè lórí rẹ̀. Adobe, tó ti ra Macromedia, dá ìtọ́jú Flash dúró ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọdún gbáko ṣe kú mọ́ ọn lórí. Mo ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kóòdù lónìí: èyí tó jẹ́ ti bíráúsà fúnra rẹ̀ ló wà títí. Ojú-ewé JavaScript tí wọ́n kọ ní 1997 ṣì ń ṣí.

Ohun ìṣeré yẹn ló padà wá gbé ẹrù. Àwọn tó ń ṣe íméèlì Outlook ní Microsoft fẹ́ kí lẹ́tà tuntun máa jáde lójú-ewé láìjẹ́ pé gbogbo ojú-ewé tún ara rẹ̀ gbé wá. Wọ́n wá dá ohun kan tó ń jẹ́ XMLHttpRequest sílẹ̀, ó sì bá Internet Explorer 5 jáde ní 1999. Orúkọ rẹ̀ burú létí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn: dípò kí o wọkọ̀ lọ sí Agodi fúnra rẹ, o rán ọmọdé kan lọ gba ìwé kan ṣoṣo tó kù, ìwọ sì ń bá iṣẹ́ rẹ lọ nílé. Gmail dé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2004, Google Maps tẹ̀lé e lóṣù kejì ọdún 2005, àwọn ènìyàn sì rí i pé máàpù odindi ayé lè máa yẹ̀ lábẹ́ ìka láìsí Flash. Lóṣù kejì yẹn náà ni Jesse James Garrett sọ ọ̀nà ìṣiṣẹ́ yìí ní Ajax. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn irinṣẹ́ ń tẹ̀lé ara wọn jáde bí ọmọ eéṣú: jQuery ní 2006, AngularJS ní 2010, React láti Facebook ní 2013, Vue ní 2014.

Àmọ́ gbogbo àwọn wọ̀nyí ṣì gbà pé ọmọdé tí a rán níṣẹ́ á rí ọ̀nà gbà. Bí ọ̀nà bá dí, áàpù á dákẹ́. Ọdún 2015 ni ọ̀rọ̀ tó kan Òtu bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi hàn mí lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Èkínní ni oníbodè. Ní ayé àtijọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ìlú tàbí kó jáde á gba iwájú oníbodè kọjá, òun ló sì mọ ẹni tó máa kọjá, ẹni tó máa dúró. Bíráúsà ti fàyè gba kóòdù kan báyìí láti dúró sí bodè láàárín ojú-ewé àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Service worker ni orúkọ rẹ̀. Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015. Nígbà tí ojú-ewé bá bèèrè ohunkóhun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìbéèrè náà kọ́kọ́ ń dé. Bí ohun náà bá ti wà nílé, oníbodè á fà á yọ, kò ní rán ẹnikẹ́ni jáde. Ìdí nìyẹn tí áàpù náà fi ṣí nígbà tí dátà mi wà ní pípa.

Èkejì ni àká. IndexedDB ni wọ́n ń pè é, yàrá ìpamọ́ tó wà nínú bíráúsà, tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo tẹ̀ nípa èlùbọ́, inú àká yìí ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Ìgbà tó dé inú àká ni áàpù ti kà á sí pé iṣẹ́ parí. Fífi ránṣẹ́ sí sáfà, kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn tó ń gba àkọsílẹ̀, di ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àyè bá yọ, bí àgbẹ̀ ṣe ń kórè sínú àká tí yóò wá máa dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sọ́jà. Ẹ wò ó, ọ̀nà àtijọ́ ní kí àgbẹ̀ má kórè rárá títí ọkọ̀ yóò fi dé ẹnu oko.

Lọ́dún 2015 yẹn náà ni Alex Russell àti Frances Berriman fún irú áàpù yìí lórúkọ, wọ́n pè é ní Progressive Web App. Kò pẹ́ tó fi dé Nàìjíríà. Konga, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Sim Shagaya dá sílẹ̀ ní 2012, kọ tirẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ ohun tí dátà ń ná oníbàárà wọn. Ìròyìn tí Google gbé jáde lórí rẹ̀ sọ pé dátà tí ó ń lò láti kọ́kọ́ ṣí fi ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti áàpù tí ènìyàn ní láti dáúnlóòdù. Ẹni tó bá ń ra dátà ọgọ́rùn-ún náírà lójúmọ́ mọ ìtumọ̀ iye yẹn dáadáa.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ "ọlọ́rọ̀" tí Macromedia lò yẹn, nítorí pé àṣìlò rẹ̀ ló ń pa wá lára. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ áàpù rò pé ọrọ̀ áàpù ni kí ó kún fún nǹkan. Wọ́n ń kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà olówó gọbọi, níbi tí Wi-Fi kì í já, wọ́n á wá kó JavaScript rẹpẹtẹ sínú ojú-ewé kan ṣoṣo. Ní 2022, JavaScript tó ń wà lórí ojú-ewé tó wọ́pọ̀ tí fóònù ń ṣí ti lé ní kilobáìtì 400. Dátà rẹ̀ nìkan kọ́ ló burú. Fóònù ní láti kà á tán, kó lóye rẹ̀, kó tó lè ṣe é, fóònù olówó pọ́ọ́kú tó pọ̀ lọ́jà wa sì lọ́ra púpọ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn. Àwọn tó sì ń lo bíráúsà Opera Mini láti fi ṣẹ́ dátà kù wà nínú ìyọnu mìíràn: bí wọ́n bá fi sí ibi tó ń fún dátà pọ̀ jù, orí sáfà Opera ni ojú-ewé ti ń ṣí, kì í ṣe lórí fóònù, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí oníbodè, kò sí àká. Mo bi ọmọ náà bó ṣe rí i sí. Ó ní Preact lòun lò, irinṣẹ́ JavaScript kékeré kan tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kilobáìtì mẹ́rin lọ, àti pé fóònù ìyá oníṣòwò náà gan-an lòun fi ń dán gbogbo rẹ̀ wò, òun kì í dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù. Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn ju gbogbo ohun tó kù tó fi hàn mí lọ.

Wàhálà tó gbà á lásìkò jù kì í sì í ṣe ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ti èdè wa ni.

Ìyá náà ní oníbàárà kan tó ń jẹ́ Ọpẹ́yẹmí. Ó tẹ orúkọ náà láti wá gbèsè rẹ̀, áàpù ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì wà níbẹ̀ gbàgàdà lójú gbogbo wa. Ọmọ náà ní kí n ka lẹ́tà inú orúkọ ọ̀hún. Mo kà á, ó jẹ́ méje. Ó wá ní kí JavaScript náà kà á: mẹ́jọ ló pè é. Ó tún mú Ọpẹ́yẹmí kejì tí wọ́n fi fóònù mìíràn tẹ̀, tí ojú ènìyàn kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti àkọ́kọ́. Ó pe ìyẹn ní méjìlá. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà wa. Ó lè mú "ọ" gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo tó pé, ó sì lè mú un gẹ́gẹ́ bí "o" tí wọ́n wá lẹ ààmì sí lábẹ́. Lẹ́tà bíi "ẹ́", tó ní ààmì lábẹ́ tó tún ní ohùn lókè, kò tilẹ̀ ní àyè odindi tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, àfi kí á so ó pọ̀. Lójú wa, orúkọ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, àjèjì méjì ni wọ́n.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: normalize, tó wọ inú JavaScript ní 2015, ló máa sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Ṣùgbọ́n ìyá náà kì í fi àmì ohùn sí i bó bá ń kánjú. Ọmọ náà wá ṣe é pé tí wọ́n bá ń wá orúkọ, kí áàpù bọ́ àmì ohùn sílẹ̀ lára èyí tí wọ́n tẹ̀ àti èyí tó wà nínú àká, àmọ́ kí ó fi ààmì abẹ́ sílẹ̀, nítorí pé "o" àti "ọ" kì í ṣe lẹ́tà kan náà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Bí kò bá rí ẹnikẹ́ni báyìí ni yóò tó bọ́ ààmì abẹ́ náà. Kò sí ìwé òyìnbó kankan tó kọ́ ọ ní ìtò yẹn. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan ló lè mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó tò nìyẹn. Àwọn tó ti ṣíwájú nídìí irú iṣẹ́ yìí wà. Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ YorubaName ní 2015, ìwé atúmọ̀ orúkọ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá àti Ígbò fún kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, lónìí olónìí, mo ṣì ń bá fọ́ọ̀mù pàdé tó máa sọ fún mi pé orúkọ tí baba mi sọ mí ní lẹ́tà tí kò bófin mu nínú.

Àká inú fóònù ní àléébù tirẹ̀. Bí àyè bá há lórí fóònù, bíráúsà lè kó ohun inú rẹ̀ dànù, àfi bí áàpù bá ti tọrọ pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án. Lórí iPhone, láti 2020, Safari lè nù ún bí ẹni tó ni ín kò bá ṣí ìkànnì náà fún ọjọ́ méje tó fi ń lo bíráúsà náà, àfi èyí tó bá ti gbé sórí ojú fóònù. Sísan owó gidi kò ṣeé ṣe nínú àká pẹ̀lú. Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ tí iléeṣẹ́ Stripe sì rà ní 2020, ti sọ gbígba owó lórí ìkànnì di ìlà JavaScript díẹ̀, ṣùgbọ́n báńkì gbọ́dọ̀ dáhùn lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ owó nìkan ni áàpù Òtu yìí ń ṣe. Kò fọwọ́ kan owó fúnra rẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti ẹni méjì. Ìyá náà ní fóònù, ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà lọ́jà ní fóònù. Bí àwọn méjèèjì bá yí gbèsè ẹnì kan padà nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ta ni sáfà máa gbàgbọ́ tó bá dé? Mo retí pé ọmọ náà á dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ju òye mi lọ. Ó ní, "Ẹ rántí bí màmá àgbà ṣe ń fa ìlà sára ògiri." Mo rántí. Ìyá wa máa ń fi èédú fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná fún gbogbo ẹni tó bá ra àwìn. Kì í pa ìlà kan rẹ́. Bí ẹni náà bá san lára rẹ̀, ó máa fa ìlà kejì sódì kejì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni áàpù yìí: kò sí ẹni tó ń yí iye gbèsè padà. Àpò tó wọlé jẹ́ ìlà kan, owó tó jáde jẹ́ ìlà kan, gbèsè sì ni ohun tó bá kù bí a bá ṣírò gbogbo ìlà pọ̀. Fóònù méjèèjì lè fa ìlà tiwọn lábẹ́ òjò, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, gbogbo ìlà á kó ara wọn jọ, ẹnikẹ́ni kò ní pa ti ẹnìkejì rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ kí ìyá oníṣòwò náà ní ìsọ̀ rẹ̀. Fóònù wà lórí àpò èlùbọ́, ó fi aṣọ bò ó nítorí eruku. Àmì mọ́kànlá tó pọ́n bí ọsàn wà lójú rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ẹ̀gbẹ́ fóònù náà ni ìwé ẹ̀kọ́sáìsì kan wà, tí wọ́n fi okùn so bírò mọ́. Ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ náà. Mo wo ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó máa dùn ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun lòun sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì jù ú nù.

"Fóònù yìí ò ṣì mí lọ́nà rí o," ìyá náà sọ fún mi, "ṣùgbọ́n bó bá já sómi ńkọ́? Ṣé owó mi já sómi nìyẹn?"

"Èyí tó ti di àwọ̀ ewé ò lè bómi lọ, Màmá," ọmọ náà dá a lóhùn. "Èyí tó pọ́n ni ìwé yẹn ń tọ́jú."

Ó gbé fóònù náà, ó jáde sí ìta ìsọ̀, ó gbé e sókè díẹ̀ sí apá ibi tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. A jọ dúró. Àmì kan yí padà, èkejì tẹ̀lé e, ó dá dúró díẹ̀, mẹ́ta yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá náà fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó mú bírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fàlà sí orúkọ tó ti lọ.